Iṣu Ọdúntán

Láti Òṣogbo títí mọ́tò fi kọjá Ìbòkun, Bánkẹ́ Fásanmí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gbé àpò náílọ́ọ̀nù kan lé ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Fìlà aṣọ òkè ló wà nínú rẹ̀. Ó ti wá gbogbo Ọjà Ọba kiri kó tó rí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàbá rẹ̀ ló rà á fún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá ló wà lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe ń wo igbó tó ń sá kọjá lójú fèrèsé. Fúnmilọ́lá ni.

Ẹ wo ohun tí owú ń fi ọmọ ènìyàn ṣe, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó wọ ilé wa. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni Bánkẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, tí àwọn ọmọ ọ́fíìsì rẹ̀ ń pè ní Màmá. Kì í jí láàárọ̀ nínú yàrá tó háyà ní Igbona, ní Òṣogbo, kó má kọ́kọ́ kúnlẹ̀ gbàdúrà. Síbẹ̀ lórí eékún náà, nígbà tó bá dárúkọ bàbá rẹ̀ níwájú Ọlọ́run tán, orúkọ Fúnmilọ́lá á tẹ̀ lé e wá sí ẹnu rẹ̀, kì í sì í ṣe àdúrà ló máa ń fi orúkọ náà gbà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá ti pè é lórí fóònù.

"Bánkẹ́, má gbàgbé o. Ọ̀la la ó jẹ iṣu Ọdúntán. Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí kò gbé ọ̀bẹ mọ́. Ìwọ ni àkọ́bí. Ìwọ lo máa bá mi ha á."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Fúnmilọ́lá ń bọ̀ láàárọ̀. Má jẹ̀ẹ́ kó dúró dè ọ́."

Kí òun má jẹ̀ẹ́ kí Fúnmilọ́lá dúró! Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé sun, òun náà ló sì gbé wọ mọ́tò.

Ẹni tí kò bá mọ ilé Fásanmí á ní kí ni ń jẹ́ iṣu Ọdúntán. Láyé àwọn bàbá ńlá wọn, wọ́n kó ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọdúntán lójú ogun, wọ́n sì tà á fún Fásanmí àkọ́kọ́. Ó ro oko Fásanmí títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Nígbà tí òfin dé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́, Fásanmí pè é, ó ní kó máa lọ sílé. Ọdúntán ní, ilé wo? Wọ́n ti jó ìlú tí wọ́n bí i sí. Oko Fásanmí ni ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà, ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi la igbó ibẹ̀. Ó ní òun ò lọ, ṣùgbọ́n òun ò ní í dúró bí òun ti ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n dá májẹ̀mú. Ọdúntán àti àwọn ọmọ rẹ̀ á máa dá oko náà. Ohun tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀, tiwọn ni. Lọ́dọọdún, tí iṣu tuntun bá jáde, wọ́n á gbé iṣu àti epo pupa wá sílé Fásanmí, kó lè hàn pé ilẹ̀ Fásanmí ni wọ́n ń ro. Ìyẹn ni ìṣákọ́lẹ̀, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n. Èyí tí ilé mìíràn kò ní ni ohun tí Ọdúntán béèrè fún. Ó ní kí ará ilé Fásanmí fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun ọ̀kan nínú iṣu náà, kó ha á, kó bù ú, kó sì gbé e fún ọmọ Ọdúntán kó kọ́kọ́ jẹ, kí onílé tó fẹnu kàn án. Ní gbogbo ọdún tó fi jẹ́ ẹrú, àjẹkù ló ń jẹ.

"Ọjọ́ tí ẹ bá tún jẹ kí n tó jẹ," bẹ́ẹ̀ ni Ọdúntán wí, "ẹ ti sọ mí di ẹrú padà nìyẹn. Ọjọ́ náà ni iṣu parí láàárín wa, ilẹ̀ tí mo ń ro á sì di tèmi."

Fásanmí ní òun gbà. Baba ńlá ilé Ọ̀nàọlápọ̀, tó jókòó láàárín wọn, ní òun gbọ́. Láti ìgbà náà, wọn kì í jẹ iṣu yìí kí ẹnì kan láti ilé Ọ̀nàọlápọ̀ má sí níbẹ̀ kó máa wò ó.

Fúnmilọ́lá ni ọmọ Ọdúntán tó ń gbé iṣu náà wá báyìí, bí ìyá rẹ̀ ti ń gbé e wá tẹ́lẹ̀. Bánkẹ́ mọ gbogbo èyí. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Lójú rẹ̀, eré àwọn àgbà ni.

*

Nígbà tó wọ ilé bàbá rẹ̀ ní Òkèṣà, ní Iléṣà, bàbá ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Bàbá Ọ̀nàọlápọ̀ jókòó tì í, arúgbó tí eyín rẹ̀ kò pé mọ́ ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò sinmi.

"Ha! Bánkẹ́ rè é! Kí ni Òṣogbo fi ń bọ́ ọ? Wo ọrùn! Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó pa iyán tì, tó ń fi búrẹ́dì mu tíì láàárọ̀."

"Ẹ kú ilé, Bàbá. A ń jẹ iyán níbẹ̀ náà o."

"Iyán inú náílọ́ọ̀nù!"

Bánkẹ́ kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó sì yọ fìlà náà jáde. "Bàbá, ẹ wò ó. Mo ní kẹ́ ẹ dé e lónìí."

Bàbá gbà á, ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dára púpọ̀. Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi." Ó gbé e sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì na ọrùn wo ojú títì, ó bi Bàbá Ọ̀nàọlápọ̀ pé: "Ẹ má bínú, ṣé ẹ gbọ́ ohùn ọkọ̀ Fúnmilọ́lá?"

Fìlà náà wà lórí àga. Bánkẹ́ wò ó títí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látijọ́. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, inú rẹ̀ máa ń dùn sí ọjọ́ iṣu. Òun àti Fúnmilọ́lá á sá lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa fi èédú ara iṣu sísun kun ara wọn lójú. Ìgbà tí ìyá Bánkẹ́ kú, tí òun sì lọ ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Fúnmilọ́lá kò dúró de ọjọ́ iṣu mọ́. Á gbé ẹ̀fọ́ wá, á gbé ẹran ìgbẹ́ wá, á fọ aṣọ bàbá, á jókòó gbọ́ ìtàn tí bàbá ti sọ tẹ́lẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí ọwọ́ bàbá kú lójijì, Fúnmilọ́lá ló gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí Bánkẹ́ débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Mọ̀lẹ́bí ni yín? Ọmọ Bàbá ti wà pẹ̀lú wọn láti àná."

Ọmọ Bàbá! Ọ̀rọ̀ yẹn há sí i lọ́fun láti ọjọ́ náà, kò gbé e mì, kò sì pọ̀ ọ́ jáde.

Ohun mìíràn ṣì wà. Orúkọ oríkì Bánkẹ́ ni Àṣàkẹ́. Ìyá rẹ̀ ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá ti kú, kò tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bánkẹ́ lásán ni bàbá ń pè é. Ṣùgbọ́n tí Fúnmilọ́lá bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá á ní, "Àjíkẹ́ mi! Àjíkẹ́ ọ̀kín!" Ohùn rẹ̀ á sì di ohùn ọkùnrin tí kò ṣàìsàn rí.

*

Ọkọ̀ dúró. Fúnmilọ́lá sọ̀kalẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá àǹkárá, ó ru iṣu sórí fúnra rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti máa ń rù ú, ó sì fi ọwọ́ kan gbé kẹ́ẹ̀gì epo. Awakọ̀ tó bá a wá fẹ́ gbà á, kò jẹ́. Ó sọ̀ ọ́ sílẹ̀ níwájú bàbá, ó kúnlẹ̀, kò sì tíì mí délẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀:

"Fásanmí, ọmọ a-jí-tẹ-ìrì-òwúrọ̀,
ọmọ olóko tí ń bi oko léèrè àlàáfíà.
Ẹ ní ilẹ̀, ẹ kò fi ilẹ̀ yan ẹnikẹ́ni jẹ.
Òjò ilé yín kì í rọ̀ sí ẹ̀bá kan ṣoṣo,
bó bá tutù lọ́dọ̀ yín, a tutù lọ́dọ̀ àlejò.
Ọmọ a-ha-iṣu-f'álejò-kó-tó-bù-jẹ,
ọmọ a-fi-ọ̀bẹ-ìrẹ̀lẹ̀-dá-olóko-lọ́lá.
Ẹ ó jẹ ti ọdún yìí, ẹ ó jẹ ti ẹ̀ẹ̀mí..."

Omi ti gba ojú bàbá. Orí rẹ̀ wú, ó ń mì í síwá sẹ́yìn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ na síta, ó gbé e lé Fúnmilọ́lá lórí. "Àjíkẹ́! Àjíkẹ́ ọ̀kín! O ò ní í sunkún ọmọ. Ọ̀nà oko rẹ kò ní í dí."

Bánkẹ́ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn. Oríkì ilé bàbá òun! Òun tó jẹ́ ọmọ onílé kò mọ̀ ju ìlà méjì lọ nínú rẹ̀, ẹlòmíràn sì kúnlẹ̀ síbẹ̀ tó ń kì í bí ẹni ń mí. 

"Àǹtí Bánkẹ́, ẹ kú ọ̀nà o," Fúnmilọ́lá wí, ó tún kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ti dé kí n tó dé. Ẹ mà gbọ́n."

"Ilé bàbá mi ni mo wá," Bánkẹ́ dáhùn. "Mi ò ní í pẹ́ dé ilé bàbá mi."

Fúnmilọ́lá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. "Òótọ́ ni. Fìlà yìí mà dára o! Ta ló ni ín?"

"Bánkẹ́ ló rà á fún mi," bàbá ní.

"Ẹ jẹ́ n dé e fún yín." Kí Bánkẹ́ tó ṣí ẹsẹ̀, Fúnmilọ́lá ti mú fìlà náà, ó dé e fún bàbá, ó gẹ̀ ẹ́ sápá kan, ó sún sẹ́yìn wò ó. "Ọkùnrin! Ẹ̀yin arẹwà Òkèṣà!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ọ̀nàọlápọ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní ká ní ìyàwó wà nílé ni, ì bá ti fura.

Àbí ẹ rí i? Ọwọ́ Bánkẹ́ ló ra fìlà. Ọwọ́ Fúnmilọ́lá ló dé e.

"Bánkẹ́," bàbá pè é, ẹ̀rín kò tíì kúrò lójú rẹ̀, "iná ti wà nínú ààrò. Lọ sun iṣu."

*

Ó mú ọ̀kan nínú iṣu náà, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi í sórí ẹyinná. Ó jókòó tì í, ó ń yí i. Èéfín bọ́ sí i lójú, ó fi etí ìró nu ún. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń gbọ́ wọn: ohùn bàbá, ohùn Fúnmilọ́lá, ẹ̀rín, ohùn bàbá. Òun ló yẹ kó wà níbẹ̀. Òun rè é lẹ́yìn ilé tó ń dáná, tí ọmọ Ọdúntán jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ Fásanmí tó ń gba atẹ́gùn. Ta wá ni onílé? Ta ni àlejò?

Ó há lọ́kàn rẹ̀ níbẹ̀ pé bí òun bá kúnlẹ̀ gbé iṣu yìí fún un lónìí, tí òun fi ọwọ́ ara òun ha á fún un, ó ti parí nìyẹn. Bàbá ni yóò kọ́kọ́ rí i. Bàbá á ka Fúnmilọ́lá sí ọmọ, á sì ka òun sí ìránṣẹ́.

Kí ni òun kò sì fi lè kọ́kọ́ fẹnu kàn án? Díẹ̀ péré. Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà. Fúnmilọ́lá á gbé ìwọ̀sí náà mì, ojú rẹ̀ á wálẹ̀, á sì rántí ibi tó ti wá. Bàbá á bínú títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Èṣù ṣe ń bá ènìyàn ṣe ìṣirò. Olúwa, gbà wá.

Ó ha iṣu náà. Ó ha á dáadáa, kò fi ibi dúdú kankan sílẹ̀, inú rẹ̀ funfun, ó ń yọ èéfín. Ó gbé e sínú àwo, ó da epo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wọ́n iyọ̀ sí i. Ó gbé e wá.

Wọ́n dákẹ́ nígbà tó yọ. Fúnmilọ́lá tún ìró rẹ̀ ró, ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ìyá rẹ̀ ti máa ń tẹ́ ẹ. Bàbá Ọ̀nàọlápọ̀ jókòó ṣánṣán, ojú rẹ̀ wà lára àwo.

Bánkẹ́ bu iṣu náà sí méjì. Ó mú èyí tó kéré. Ó fi kan epo. Ó sì wo ojú Fúnmilọ́lá títí ó fi jù ú sẹ́nu ara rẹ̀.

Ó jẹ ẹ́. Iṣu náà gbóná, ó jó o láhọ́n, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́.

"Mo kàn tọ́ ọ wò bóyá ó jinná ni," ó wí. Ó na àwo sí i. "Gbà. Jẹ."

Ọwọ́ Fúnmilọ́lá ṣì tẹ́ síbẹ̀. Kò kó o padà kíákíá. Ó kó o padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń gbé nǹkan tó lè fọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Bánkẹ́," bàbá wí.  Ohùn náà kò le. Ká ní ó le ni, ì bá sàn.

Bàbá Ọ̀nàọlápọ̀ ti yọ fìlà rẹ̀. Kò sí àwàdà lójú rẹ̀ mọ́. "Mo rí i," ó wí. "Ojú mi yìí ló rí i, mi ò sì lè ní mi ò rí i. Ohun tí àwọn bàbá wa sọ ló ṣẹlẹ̀. Iṣu ti parí láàárín ilé Fásanmí àti ilé Ọdúntán. Ilẹ̀ ti di ti ẹni tó ń ro ó."

"Bàbá Ọ̀nàọlápọ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́ di nǹkan ńlá," Bánkẹ́ wí. "Iṣu lásán ni."

"Iṣu lásán ni, ìwọ sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Fúnmilọ́lá dìde. Kò sunkún, kò pariwo. Ó sún mọ́ bàbá, ó fi ọwọ́ kan ọwọ́ ọ̀tún tí kò mọ nǹkan mọ́, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ gbogbo, Bàbá. Ẹ ti ṣe tiyín." Ó jáde. Wọ́n gbọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ náà ń lọ.

Bàbá bọ́ fìlà tuntun náà, ó gbé e lé orí itan.

*

Àwọn àbúrò Bánkẹ́ pè láti Ìbàdàn, wọ́n sọ̀rọ̀ sí i lórí fóònù títí bátìrì fi kú. Wọ́n ní àwọn á gba lọ́yà. Bàbá ní ẹni tó bá gba lọ́yà kò gbọdọ̀ wá síbi ìsìnkú òun. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ parí níbẹ̀.

Bánkẹ́ gba lífù lẹ́nu iṣẹ́, ó kó wá sí Iléṣà. Ní báyìí, bàbá di tirẹ̀ nìkan. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gún iyán, òun ló ń fún un lóògùn. Ohun tó ti ń wá láti ọdún wo ló bọ́ sí i lọ́wọ́ yìí, kò sí ẹni tó ń bá a pín in.

Ṣùgbọ́n bàbá kò sọ ìtàn mọ́. Á jẹun tán, á ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ," á sì yí àga rẹ̀ sí ojú títì. Tí ọkọ̀ bá kọjá, ọrùn rẹ̀ á nà. Tí ọkọ̀ náà bá lọ, ọrùn náà á padà wálẹ̀. Kò bú Bánkẹ́ rí. Kò sì dárúkọ Fúnmilọ́lá rí. Kàkà kí owú náà dínkù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i, nítorí pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ ti wá gba gbogbo ilé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Bánkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní òun náà á kì í.

"Fásanmí, ọmọ a-jí-tẹ-ìrì-òwúrọ̀... ọmọ olóko tí ń bi... tí ń bi oko léèrè àlàáfíà..."

Bàbá gbé ojú sókè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà, ó wò ó tààrà.

"Ẹ ní ilẹ̀, ẹ kò fi ilẹ̀ yan ẹnikẹ́ni jẹ..." Ó kì í títí dé ibi òjò tó ń tutù lọ́dọ̀ àlejò. Ó mọ ìlà tó kàn. Ó ti tún un sọ nínú yàrá títí ó fi há a sórí. Ọmọ a-ha-iṣu-f'álejò. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"O ti gbìyànjú," bàbá wí jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ náà ló wọ ọkọ̀ lọ sí oko Ọdúntán.

*

Ó bá Fúnmilọ́lá níbi tó ti ń sá kòkó. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó ń fi ẹsẹ̀ yí i láti ibì kan dé ibì kan. Òórùn kòkó gba gbogbo àgbàlá. Bánkẹ́ ti sun iṣu kan nílé, ó ha á, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e. Kò fẹnu kàn án.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí," Fúnmilọ́lá wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. "Kí lẹ fi ewé yẹn wé?"

"Iṣu ni. Mi ò tọ́ ọ wò."

"Ìyẹn ti kọjá. Ilé Ọ̀nàọlápọ̀ ti sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe nítorí ilẹ̀. Máa jẹ ilẹ̀ rẹ." Bánkẹ́ gbé iṣu náà sórí àpótí kan. "Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀. Inú wọn ò dùn. Ìwọ ni wọ́n ń retí. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn jù mí lọ, mo ti mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i mọ́."

Fúnmilọ́lá dúró wàyí. Ó wò ó bí ẹni rí nǹkan tó yà á lẹ́nu, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn.

"Èmi? Àṣàkẹ́, ẹ máa ń ṣe mí ní kàyéfì."

Ara Bánkẹ́ ṣe gìrì. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ?"

"Ta ni ì bá tún sọ ọ́ bí kò ṣe Bàbá? Mi ò lọ síbẹ̀ rí kí bàbá má sọ ọ́ nígbà tí mo bá fẹ́ máa lọ. 'Àjíkẹ́, tí o bá ń gbàdúrà, rántí Àṣàkẹ́ mi. Àṣàkẹ́ mi wà ní Òṣogbo, iṣẹ́ ìjọba kò jẹ̀ẹ́ kó sinmi.' Màá wẹ̀ wọ́n, màá fọ aṣọ wọn, màá kì wọ́n títí ohùn mi á fi ha, ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n á fi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ yí kòkó, kíákíá báyìí. "Ẹ ní wọ́n fẹ́ràn mi. Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ lè wọ ilé yẹn pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Bí ẹ ò tiẹ̀ mú nǹkankan wá fún ọdún márùn-ún, ọmọ lẹ ṣì jẹ́. Èmi, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò wọ ibẹ̀ láìru ẹrù rí. Tí kì í bá ṣe iṣu, á jẹ́ ẹ̀fọ́. Mi ò mọ ojú tí wọn á fi wò mí tí mo bá dé láìgbé nǹkan. Ṣé ẹ rò pé mi ò jowú yín? Mo jowú yín tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sùn."

 Nínú gbogbo ohun tí Bánkẹ́ ti ń rò nípa obìnrin yìí, èyí kò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti lọ sí ibòmíràn: bàbá ń pe òun ní Àṣàkẹ́. Ó ń pè é, lẹ́yìn òun, sí etí ẹlòmíràn! Ó dùn mọ́ ọn, ó sì tún bí i nínú.

"Má bínú sí mi," ó wí níkẹyìn. "Wá kí wọn. Jọ̀wọ́."

"Màá rò ó."

"Jẹ iṣu."

"Ebi ò tíì pa mí. Ẹ fi síbẹ̀."

Ó fi síbẹ̀, ó sì lọ.

*

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bánkẹ́ ń gún iyán lẹ́yìn ilé. Kò gbọ́ ohùn ọkọ̀ kankan. Ohun tó gbọ́ ni ohùn bàbá, tó lọ sókè lójijì bí ohùn ọkùnrin tí kò ṣàìsàn rí.

"Àjíkẹ́!"

Bánkẹ́ ju ọmọ odó sílẹ̀, ó sá jáde.

Fúnmilọ́lá dúró lójú ọ̀nà. Kò ru nǹkankan. Kò gbé kẹ́ẹ̀gì, kò gbé ẹ̀fọ́, kò mú báàgì pàápàá lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé wọn sí. Ó wo Bánkẹ́, ó wo bàbá, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó rà.

"Mi ò mú nǹkankan wá o, Bàbá," ó wí.

"Ta ló béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ?" Bàbá ti ń fi ọwọ́ òsì lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wá jókòó. Ọmọ yìí, wá jókòó! Níbo lo ti wà láti ọjọ́ yìí?"

Ojú bàbá tàn. Ó tàn ju bó ti ṣe ń tàn lọ́jọ́ iṣu, ó tàn ju bó ti tàn nígbà tó rí fìlà lọ. Bánkẹ́ rí i. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú iyán lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, owú náà sì tún gbéra, bó ṣe máa ń ṣe, kò yàtọ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ ti lọ, májẹ̀mú ti lọ, òun fúnra òun ló já a. Ní báyìí, obìnrin yìí kò nílò iṣu mọ́ kó tó wọlé. Ọjọ́ gbogbo ló lè wá.

Ó sọ ọ́ fún Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ bó ṣe rí, láìfi nǹkan bò ó: mo ṣì ń jowú rẹ̀, Olúwa.

"Àṣàkẹ́," Fúnmilọ́lá pè é jẹ́jẹ́, "ṣé kí n bá yín gún un ni?"

Bàbá yí ojú padà kíákíá nígbà tó gbọ́ orúkọ náà. Ó wo Bánkẹ́. Ètè rẹ̀ mì. "Àṣàkẹ́," òun náà wí, bí ẹni tí wọ́n mú nídìí ohun tó fi pamọ́. "Àṣàkẹ́ mi, bu iyán fún wa."

Bánkẹ́ padà sẹ́yìn ilé. Ó gún iyán náà títí kò fi sí kókó kankan nínú rẹ̀. Ó bù ú sínú àwo ńlá kan ṣoṣo, ó bu ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó gbé e wá sáàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó jókòó. Ebi ń pa á gan-an, òórùn ọbẹ̀ ń fà á nímú.

Ó gbé ọwọ́ lé itan, ó sì ń dúró kí Fúnmilọ́lá kọ́kọ́ bù ú.

Fúnmilọ́lá náà gbé ọwọ́ lé itan, ó ń dúró dè é.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," bàbá wí, "iyán ń tutù o!" Ó sì na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó bu òkèlè ńlá.